Gbogbo Aláìsàn Kọjú Sí Àjà

Péjú, òṣìṣẹ́ wọ́ọ̀dù àwọn ọkùnrin, ń tẹ́ aláìsàn kẹsàn-án gbalaja báyìí, ojú sí àjà gẹ́gẹ́ bí mátíróònù ṣe pàṣẹ. Ó fi apá ọkùnrin náà méjèèjì lélẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara, ó fa aṣọ ìbora dé àgbọ̀n rẹ̀, ó fọwọ́ tẹ́ ẹ títí gbogbo ìhunjọ rẹ̀ fi lọ. Ọ̀gágun tó ń bọ̀ wá bẹ ilé ìwòsàn náà wò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Ore. Kò sí òwú, kò sí oògùn ibà, ṣùgbọ́n wọ́n ti rí ẹfun kun òkúta ẹnu ọ̀nà.

Ó kan Baba Pius, àgbẹ̀ kòkó láti Ajue. Ó ti di ọjọ́ mẹ́ta tó já bọ́ lórí igi obì, kò sì tíì lajú. Ìyàwó rẹ̀, Ọmọ́wùmí, ló fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, tó ká ìró tì í lẹ́yìn kó má baà yí padà. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń rí èémí mí.

"Mà, ti baba yìí yàtọ̀," Péjú sọ fún Mátíróònù Oyèlọlá. "Tó bá kọjú sókè, ahọ́n rẹ̀ á ṣubú sẹ́yìn, á dí i lọ́fun. Nígbà tí a ń wẹ̀ ẹ́ lánàá, ètè rẹ̀ ti ń dúdú ká tó dá a padà."

"Ìwọ ni dókítà?"

"Rárá, mà."

"Ṣé kí ọ̀gágun wọlé, kí aláìsàn kẹ̀yìn sí i? O gbọ́ iye èèyàn tí wọ́n dá dúró lẹ́nu iṣẹ́ lóṣù yìí. Àbí bọ̀ọ̀lì ló wù ọ́ láti máa sun ní gáréèjì?"

Ọmọ́wùmí di irin bẹ́ẹ̀dì mú. "Ẹ jẹ́ kí n jókòó tì í. N kò ní sọ̀rọ̀."

"Màmá, ẹ bọ́ síta. Wọ́ọ̀dù nìyí, kì í ṣe abà kòkó."

Nígbà tí obìnrin náà jáde, Péjú yọ ìró náà, ó yí baba kọjú sí àjà. Ọ̀fun rẹ̀ hó, ó dákẹ́, ó tún hó. Péjú gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè, èémí sì wọlé.

"Péjú, wá tò sí ìlà," Mátíróònù pè é.

Ó yọwọ́.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni àwọn ológun fi wo òkúta ẹlẹ́fun. Nígbà tí wọ́n wọlé, ọ̀gágun fi áńkáṣíìfù bo imú, ó ń yára lọ, àfìgbà tó dé ọ̀dọ̀ Baba Pius ló tó dúró.

"Àwọn yòókù ń yí kiri," ó ní. "Ẹni yìí nìkan ló mọ ìlànà."

Mátíróònù rẹ́rìn-ín.

Ọkọ̀ wọn kò tíì dé títì tí Péjú fi yí baba sí ẹ̀gbẹ́. Kò wúlò mọ́, baba kò mí mọ́. Ó fa aṣọ ìbora bò ó lójú, ó na ìró náà, ó ṣẹ́ ẹ po sí mẹ́rin, ó gbé e jáde.

Ọmọ́wùmí dìde lórí bẹ́ǹṣì.

"Ẹ mú un jáde? Kí wá lẹ fi tì í lẹ́yìn?"

Péjú fi ìró náà lé e lọ́wọ́. Ó tú épírọ́ọ̀nù ìdí rẹ̀, ó fi kọ́ ojú fèrèsé, ó sì gba ẹ̀gbẹ́ òkúta ẹlẹ́fun jáde kúrò nílé ìwòsàn.