Fìlà Tí Màmá Fi Bo Kámẹ́rà Lójú

Kámẹ́rà tí Oyèdọ̀tun ní kí wọ́n gbé kọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìyá ẹ̀ níbí ní Ìlá, kò sóhun tó ṣe é. Ó ń ríran dáadáa. Àìlẹ́kọ̀ọ́ ló ń dà á láàmú.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé. Ìkòròdú ni Oyèdọ̀tun ń gbé. Olè jí bátìrì mọ́tò ẹ̀ níbẹ̀, kò pẹ́ wọ́n tún jí òmíràn, ni ọkàn ẹ̀ ò bá balẹ̀ mọ́. Ohun tí wọ́n ṣe fún un ní Ìkòròdú, Ìlá ló ti fẹ́ gba ara ẹ̀ sílẹ̀. Ó rán ọmọkùnrin kan láti Òṣogbo, ìyẹn gbé kámẹ́rà kọ́ sókè ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí Oyèdọ̀tun lè máa rí ilé lórí fóònù láti Èkó. Ó wá pe ìyá ẹ̀, ó ní:

"Màmá, ọjọ́ tí mo bá rí ohun tí ò yé mi nínú kámẹ́rà yìí, mo máa wá kó yín ni. Ìkòròdú lẹ máa wá gbé."

Ẹ̀rù ba Màmá. Kì í ṣe olè ló bà á lẹ́rù o, Ìkòròdú ni. Ó ti lọ síbẹ̀ rí. Tí ọmọ àti ìyàwó bá ti lọ síbi iṣẹ́, wọn a ti géètì, Màmá a jókòó sẹ́yìn irin fèrèsé, kò ní rẹ́ni kí. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kí fáànù.

Olè wo ló tiẹ̀ wà ládùúgbò wa? Èyí tó ṣẹlẹ̀ kẹ́yìn, adìyẹ Ràbíátù ló sọnù. Ràbíátù yìí ni ìyàwó ilé tó kọjú sí ti Màmá, ó ń ta káàdì fóònù lábẹ́ agboòrùn. Ó pariwo olè, gbogbo àdúgbò jáde. Abẹ́ tábìlì ẹ̀ náà la ti bá adìyẹ, ó ń sàba, ó ń wò wá bíi pé àwa lorí wa dàrú.

Láàárọ̀, tí Màmá bá ń gbálẹ̀, iná pupa kámẹ́rà á máa ṣẹ́jú sí i. Màmá á dúró. Kámẹ́rà ò sọ nǹkan kan. Màmá á wúkọ́, bóyá kò tíì rí òun ni. Kámẹ́rà ṣáà ń wò ó.

"Ràbíátù, ta ló wà nínú nǹkan yìí?"

"Ẹ̀rọ ni, Màmá."

"Mo mọ̀ pé ẹ̀rọ ni. Ojú ta ló fi ń wò mí?"

"Ojú ọkọ mi, Bọ̀dá Ìkòròdú."

"Ó wá ń wo ìyá ẹ̀ láti ìdájí, kò lè ṣe ẹ káàárọ̀? Ó dáa."

"Ó dáa" yẹn, èmi tí mo ń ránṣọ níwájú ilé mi mọ̀ pé kò dáa rárá.

Màmá wọlé, ó mú fìlà abẹtí-ajá bàbá Oyèdọ̀tun jáde, kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún bàbá. Ó pe Àlàbí ọlọ́kadà, tó ga bí òpó iná, ó ní kó fi bo kámẹ́rà lójú.

"Màmá, kí ni fìlà fẹ́ ṣe fún un?"

"Kí bàbá ẹ̀ bá mi bá a wí."

Àlàbí fi bò ó. Màmá gun ọ̀kadà ẹ̀, ó di ìlú Ìrẹsì, wọ́n ń sọmọ lórúkọ nílé ẹ̀gbọ́n ẹ̀ níbẹ̀. Ilẹ̀kùn ilé Màmá ṣí sílẹ̀ gbayawu, bó ṣe máa ń wà. Fóònù ẹ̀ ti kú, ó wà lórí tábìlì Ràbíátù, ó ń dúró de iná.

Ní Ìkòròdú, ilé Màmá ṣókùnkùn lójú fóònù Oyèdọ̀tun. Ó pe Màmá, kò wọlé. Ó tún un pè. Lọ́kàn ẹ̀, wọ́n ti di ìyá ẹ̀ lẹ́nu. Ó kó sínú mọ́tò, ó di Ìlá.

Oòrùn ti ń rọlẹ̀ nígbà tí mọ́tò dúdú kan dúró. Ọkùnrin kan bọ́ sílẹ̀, irùngbọ̀n kún ẹnu, jígí dúdú lójú. Kò wo ọ̀tún, kò wo òsì, kò kí Ràbíátù, ó já wọ ilé arúgbó.

Ràbíátù ò mọ̀ ọ́n. Ìgbà tí Oyèdọ̀tun wálé kẹ́yìn, wọn ò tíì gbé Ràbíátù níyàwó.

"Olè o! Olè ti wọ ilé Màmá o!"

Àwọn ọlọ́kadà ti dé láti oríta kó tó pa ẹnu dé. Wọ́n fà á jáde, wọ́n fi í jókòó sílẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ mọ́tò.

Èmi ńkọ́? Èmi mọ̀ ọ́n. Bó ṣe sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀ báyìí ni mo ti mọ̀ ọ́n, a jọ gun igi mángòrò onímángòrò dàgbà ni. Mo rọra jókòó ti máṣíìnì mi. Òun náà ò kí mi.

"Ọmọ ta ni ẹ́?" Ràbíátù ló bi í.

"Èmi lọmọ ilé yìí!"

"Ọmọ ilé yìí, tó kọjá lára ìyàwó ilé bí ẹni tó kọjá lára igi? Ó dáa, ta ló ni ilé kejì yẹn?"

"Bàbá... bàbá kan ni."

"Bàbá kan!" Àwọn ọlọ́kadà hó.

Ló bá rí mi. "Àyàngbèmí! Gbèmí, sọ fún wọn!"

Mo ní, "Ẹ kúùrọ̀lẹ́ sà. Ṣé aṣọ lẹ fẹ́ rán?"

Ibẹ̀ la wà tí Àlàbí fi gbé Màmá dé, ìrẹsì ìsọmọlórúkọ nínú náílọ̀n lọ́wọ́ ẹ̀. Oyèdọ̀tun fò dìde.

"Màmá! Kí ló bo kámẹ́rà? Ẹ kó ẹrù yín, à ń lọ sí Ìkòròdú!"

Màmá wò ó láti orí délẹ̀.

"Màmá, ẹ mọ̀ ọ́n?" Ràbíátù bèèrè.

"Ó jọ ọmọ mi. Àmọ́ ọmọ tèmi máa ń kí èèyàn."

Oyèdọ̀tun gbójú sókè, ó rí fìlà. Ó mọ fìlà yẹn. Ó bọ́ jígí, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ńtì pẹ̀lú aṣọ funfun ẹ̀.

"Ẹ kúùrọ̀lẹ́ mà."

"Àkànní!" Màmá ju náílọ̀n sí Àlàbí lọ́wọ́. "Àkànní mi ló dé! Ẹ wò ó bó ṣe rù! Ràbíátù, ọkọ ẹ nìyí o."

"Yéè! Ẹ má bínú, ọkọ mi." Ràbíátù kúnlẹ̀, àmọ́ ẹ̀rín ń gbọ̀n ọ́n léjìká.

Nígbà tí wọ́n ń jẹ ìrẹsì, Oyèdọ̀tun tún dá a sílẹ̀. "Màmá, ọkàn mi ò balẹ̀. Ẹ jẹ́ ká lọ."

"Ní Ìkòròdú, tí àlejò bá já wọ ilé mi báyìí, ta ló máa mú un?"

"Àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì."

"Wọ́n mọ orúkọ mi?"

Oyèdọ̀tun họ orí. "Wọ́n mọ nọ́ńbà ilé."

Màmá mú ẹran tiẹ̀ sínú abọ́ ọmọ ẹ̀. Oyèdọ̀tun wo Ràbíátù lábẹ́ agboòrùn. Ó wo àwọn ọlọ́kadà, tí wọ́n ti ń fi omi fọ mọ́tò ẹ̀ láti fi bẹ̀ ẹ́. Ó wo èmi, mo juwọ́ sí i. Ló bá bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ dúró síbí o, Màmá. Olè tó bá wá síbí, òun ni kí Ọlọ́run ṣàánú fún."

Ó padà lọ lọ́jọ́ kejì. Kí ó tó lọ, ó yẹ kámẹ́rà wò, ó rí i pé ó lẹ́nu tí èèyàn lè fi sọ̀rọ̀ láti orí fóònù, òun ni ò tẹ̀ ẹ́ rí. Nísinsìnyí, bí ilẹ̀ bá ṣe ń mọ́, ẹ ó gbọ́ ọ láti òkè àjà:

"Ẹ káàárọ̀ mà."

Màmá ò ní dẹ́kun ilẹ̀ tó ń gbá. "Káàárọ̀ o, Àkànní. O ti kí ìyàwó ẹ?"

"Káàárọ̀, ìyàwó."

"Ẹ káàárọ̀, ọkọ mi."

Èmi náà á gbé àga mi sún mọ́ ọn, mo fi oṣù méjì jù ú lọ, mo ń dúró de tèmi. Fìlà bàbá ẹ̀ sì wà lórí ìṣó lábẹ́ kámẹ́rà níbẹ̀. Màmá ní kí wọ́n má gbé e kúrò o.