Ilé Tí Monísọ́lá Fẹ́ Fi Pààrọ̀

Àbúrò mi Monísọ́lá ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ fún àwọn òyìnbó kan láti inú yàrá ẹ̀ ní Emùré. Ìyọnu ẹ̀ kò ju iná lọ. Tí iná wa bá dé, kó o tó ki ṣájà bọ ògiri, ó ti padà sílé bàbá ẹ̀. Ọ̀gá ẹ̀ sì ti sọ pé tí iṣẹ́ bá tún pẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, kó gbàgbé iṣẹ́ náà.

Ló bá rí Caleb lórí fóònù, ọmọ Nairobi kan tí iná kì í lọ lọ́dọ̀ ẹ̀. Wọ́n á pààrọ̀ ilé fún oṣù mẹ́ta, kò sówó ilé. Pẹ́ńsù ni Caleb fi ń yàwòrán tiẹ̀, kò nílò iná, ibi tó dákẹ́ ló ń wá.

"Kí lo wá sọ fún un?" mo bi í.

"Mo ní èmi nìkan ni mò ń gbé ilé, Bọ̀dá Gbádé."

Mo wo ilé wa. Tí gbogbo àwa tá a wà níbẹ̀ bá sín lẹ́ẹ̀kan náà, Ìkẹ́rẹ́ la ti máa lọ gbé òrùlé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọmọ ni. Mo ní kí gbogbo wa kó lọ sí abà kòkó títí oṣù mẹ́ta á fi pé. Gbogbo wọn gbà, àfi Yèyé, ìyá bàbá wa.

"Kí àlejò dé, kó má bá ẹnìkan nínú ulé?" Yèyé ní. "Ta ni yóò kí i káàbọ̀? Ògiri?"

"Yèyé, ohun tó fẹ́ gan-an nìyẹn."

"Ẹni tó fẹ́ irú ẹ̀ ò tíì jẹun ni."

Ní Sátidé, Caleb ní òun fẹ́ fi ojú òun rí ilé náà lórí fóònù kóun tó gbà. Mo kó gbogbo wọn sí yàrá ẹ̀yìn: Yèyé, àbúrò bàbá wa Ògúnṣọlá tòun ti apẹ̀rẹ̀ kòkó ẹ̀, Àtinúkẹ́ ìyàwó mi, àti àwọn ọmọ. Yàrá kún débi pé tí ẹnìkan bá mí sínú, ẹlòmíì gbọ́dọ̀ mí síta kí ògiri má baà là. Èmi ni mo di ewúrẹ́ lẹ́nu mú.

A ń gbọ́ Monísọ́lá bó ṣe ń gbé fóònù kiri. Caleb yin pálọ̀, ó yin igi máńgòrò. Ó ní ṣé bí ibẹ̀ ṣe máa ń dákẹ́ nìyí.

"Bíi ilé ìwé tó ti gba ìsinmi," Monísọ́lá dá a lóhùn.

Inú Caleb dùn. Ó ní kóun dán ìkíni tí Monísọ́lá kọ́ òun wò. Ó ha ọ̀fun, ó ní: "Ẹ kú ilé o."

Èèyàn lè sá fún agbowó-orí, ó lè sá fún àna. Ṣùgbọ́n kí wọ́n kí ilé, kí ará ilé wà níbẹ̀, kó má dáhùn? Ní Emùré?

"Ẹ kú abọ̀ o," gbogbo yàrá ẹ̀yìn dáhùn. Ohùn Yèyé nìkan já máńgòrò márùn-ún. Èmi náà ń dáhùn lọ́wọ́, mo gbàgbé ẹnu ewúrẹ́, òun náà dáhùn.

Monísọ́lá dijú. Yèyé jáde, ó gba fóònù.

"Ọmọ ta ni ẹ́? Ṣé yèyé rẹ mọ̀ sí i? Ẹ̀yin ọmọdé méjì lẹ jókòó tí ẹ ń pín ulé tí ẹ ò kọ́. Pe yèyé rẹ wá."

Monísọ́lá túmọ̀ ẹ̀ tìtìjú-tìtìjú. Caleb họ orí, ó bojú wẹ̀yìn, ó pe ẹnìkan. Ni ìyá àgbàlagbà kan bá ti ẹ̀yìn kọ́tìnnì yọ.

"Caleb," Monísọ́lá ní, "o ṣáà ní ìwọ nìkan lò ń gbé."

Caleb yí fóònù sọ́dọ̀ ìyá náà.

Ìyá yẹn ń sọ èdè tiẹ̀, Yèyé ń sọ ti Emùré. Yèyé fi uṣu hàn án, òun náà fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ tiẹ̀ hàn. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí tí bátìrì fi ń ké. Yèyé wá dá fóònù padà.

"A ti parí ẹ̀. Ó ń bá ọmọ ẹ̀ bọ̀ wá síbí. Èmi ń bá ọ lọ."

"Yèyé, ṣé ẹ gbọ́ èdè ẹ̀ ni?"

"O ò rí i bó ṣe nawọ́ sí bẹ́ẹ̀dì tí mo máa sùn ni?"

Monísọ́lá yíjú sí Caleb pé kó gba òun. Caleb ní ìyá òun ti ń wá báàgì.

Monísọ́lá á lọ ṣá, iṣẹ́ ẹ̀ ò ní bọ́. Ìgbìyànjú ẹ̀ tó kù ni pé ó sọ fún Yèyé pé òtútù ń mú ní Nairobi, bóyá á yí ọkàn padà. Yèyé ti wọ súwẹ́tà, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà nínú oòrùn ọ̀sán, ó ń bi í pé ìgbà wo ni ọkọ̀ máa gbéra.