Lẹ́tà Inú Agolo Ìyẹ̀fun

Ọjọ́ tí wọ́n ń fa ìbọn àgbá ayé àtijọ́ gòkè odi Sonkigad ní ilẹ̀ India ni ojú Ketaki àti ojú ọ̀dọ́mọkùnrin kan kọ́kọ́ ṣe mẹ́rin.

Òjò winniwinni ń rọ̀. Àwọn tó di okùn mú á tó ọgọ́rin: ìdajì wọn ará ìlú Pune tó máa ń wá tún odi ṣe ní Sọ́ńdè, ìdajì yòókù ará abúlé ìsàlẹ̀ òkè. Ìbọn náà wúwo ju ẹfọ̀n mẹ́wàá lọ, inú àfonífojì ló sì ti sùn láti ayé àwọn baba ńlá wọn. Ẹrẹ̀ ń yọ̀, àwọn kan ń ṣubú, àwọn kan ń fi àwọn tó ṣubú ṣe yẹ̀yẹ́. Ketaki ru ìkòkò wàrà kíkan, ó dúró lẹ́nu ibodè ńlá, ó ń wò wọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó wà níwájú okùn gbé orí sókè. Ẹrẹ̀ kùn ún dé irùngbọ̀n. Láàárín gbogbo ariwo yẹn, ojú rẹ̀ wá tààrà sí ẹnu ibodè, ó dúró síbẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín.

Àyà Ketaki já. Wàrà dà sí i léjìká, kò mọ̀.

Malhar ni orúkọ rẹ̀. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, Ketaki ti gbọ́ pé mọ́tò ló ń tún ṣe ní Pune, pé ó ti gun odi mẹ́tàdínláàádọ́ta káàkiri ilẹ̀ olókè yìí, pé kò sì tíì gbéyàwó. Nínú gbogbo rẹ̀, èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ló gbé lọ sórí ẹní.

Malhar padà wá ní Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e. Ó tún wá ní èyí tó tẹ̀ lé ìyẹn. Ẹ̀bá ibodè, níbi tí Ketaki àti ìyá àgbà rẹ̀ ti ń ta àkàrà pẹlẹbẹ ọkà bàbà àti ata gígún, ibẹ̀ ló máa ń jókòó sí. Ife wàrà kíkan mẹ́ta ló máa ń mu, kò sì jọ ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ tó bẹ́ẹ̀.

"Odi wo lẹ tún ń lọ báyìí?" Ketaki bi í.

"Mo ti lọ tán. Ibí ni mo dé sí."

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan pariwo láti ẹ̀yìn: "Ẹ má dá a lóhùn o! Ṣé odi ló wá ń wò níbí?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ketaki fa etí aṣọ bo ẹnu. Ìyá àgbà ò tiẹ̀ gbójú sókè kúrò nídìí iná.

"Àkàrà ń jóná o, ìyàwó ará Pune."

"Ìyá àgbà, ẹ jọ̀ọ́!"

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ ọn débi pé àkàrà kejì náà jóná.

Mukta, ọmọ àbúrò bàbá Ketaki, ló máa ń mú àwọn àlejò káàkiri orí odi. Ọdún méjì ni Ketaki fi jù ú lọ. Àlejò ò gbọdọ̀ ṣi ọ̀rọ̀ sọ níwájú Mukta. Ìgbà kan wà tí olùkọ́ àgbà kan ní ìkùdu mẹ́fà ni wọ́n gbẹ́ sínú òkúta lókè náà. Mukta mú un lọ, ó ní kó kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan nínú oòrùn ọ̀sán, títí bàbá olóore fi gbà pé méje ni. Irun rẹ̀ kì í gbọ́ràn sí òòyà lẹ́nu, ẹ̀rín rẹ̀ á sì lu ògiri odi, á padà wá bá ọ. Ketaki ò ka irú ẹni bẹ́ẹ̀ sí ewu. Ọkùnrin wo ni yóò fẹ́ obìnrin tó ń bá àgbà jiyàn nítorí ìkùdu?

Ní Sọ́ńdè karùn-ún, Malhar dúró títí Ìyá àgbà fi lọ pọnmi. Ó yọ àpòòwé kan láti àpò àyà ẹ̀wù rẹ̀. Ketaki nu ìyẹ̀fun ọwọ́ ara rẹ̀ nù sára aṣọ, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ nawọ́ kó tó gbọ́ ohun tó fẹ́ sọ.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni Malhar pè é.

Ọ̀rọ̀ yẹn nìkan ti tó. Ọkùnrin wo ló ń pe ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń fẹ́ ní ẹ̀gbọ́n?

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dákun, ẹ bá mi fún Mukta ní lẹ́tà yìí. Fóònù kan ṣoṣo ló wà nílé wọn, àpò bàbá rẹ̀ ló sì ń gbé. Tí kò bá fẹ́ mi, kó má wulẹ̀ dáhùn, mi ò ní yọ ọ́ lẹ́nu mọ́. Ẹ̀yin nìkan ni mo lè rán."

"Kò burú," Ketaki wí. Ohùn ẹlòmíì ló fi sọ ọ́.

Ìgbà náà ló tó rántí. Lọ́jọ́ ìbọn, Mukta wà lẹ́yìn òun lórí àtẹ̀gùn, ó ń ju ọwọ́ sí àwọn tó ń fa okùn. Ẹ̀rín tí òun ti ń jẹ bí oúnjẹ láti ọjọ́ náà, orí òun ló gbà kọjá.

Owú wọ Ketaki lára bí èéfín igi tútù: kò jó o, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kó mí. Ó ti lẹ́tà náà wọ ìsàlẹ̀ agolo ìyẹ̀fun tó máa ń gbé gòkè. Ó ní lọ́la lòun máa fún un. Lọ́la dé, ó ní ọ̀tunla. Láti ìgbà náà, kò sí ohun tí Mukta ṣe tí kò bí i nínú. Mukta bu ata, inú bí i. Mukta kọrin, inú bí i. Kí ló tiẹ̀ ní? Gìgísẹ̀ rẹ̀ ń là. Àkàrà tó bá fọwọ́ tẹ́ kì í rí roboto, ńṣe ló máa ń jọ àwòrán ilẹ̀ India. Òun ni wọ́n wá ń kọ lẹ́tà sí!

Ní Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, Malhar tẹ̀ síwájú, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ fún un?"

"Mo fún un."

"Kí ló wí?"

Ketaki ń bu ìyẹ̀fun lọ́wọ́. Láti ọwọ́ rẹ̀ dé orí lẹ́tà náà ò ju ìka mẹ́rin lọ.

"Kò wí nǹkan kan."

Malhar mi orí. Ó gbé ife sílẹ̀ láì mu ún tán. Láti ọjọ́ náà, tí Mukta bá kó àwọn àlejò gba apá ọ̀tún, apá òsì lòun yóò lọ máa ro koríko.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Ketaki fi ń ru agolo yẹn gòkè tó tún ń rù ú sọ̀kalẹ̀. Lẹ́tà náà wá gun odi ju ẹlòmíì tó fẹsẹ̀ gùn ún lọ.

Lọ́jọ́ kan, Mukta wá jókòó tì í nídìí iná.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ará Pune yẹn… ṣé mo ṣẹ̀ ẹ́ ni?"

"Kí ló kàn ọ́ níbẹ̀?"

"Kò kàn mí." Ó ń fi èékánná họ òkúta. "Ìbéèrè rẹ̀ pọ̀ jù. Mo ní kó yéé bi mí. Mo kàn sọ ọ́ ni o! Ó wá yéé bi mí lóòótọ́. Ọ̀dẹ̀ ni."

Omi lé ròrò sí i lójú. Ó yẹ kó dùn mọ́ Ketaki. Ó dùn mọ́ ọn, kò ju ìwọ̀n ìgbà tí èèyàn fi ń gbé òkèlè kan mì lọ, ó wá korò.

Ọdún Dasara, àjọ̀dún ìṣẹ́gun, dé. Tọmọdé tàgbà gun orí odi, wọ́n fi òdòdó aláwọ̀ ọsàn ṣe ẹ̀wọ̀n gígùn, wọ́n so ó mọ́ ibodè ńlá. Lẹ́yìn ìyẹn ló kan pínpín wúrà. Lọ́jọ́ náà, ewé igi apta ni wúrà: ẹ óò fún ara yín, ẹ óò dì mọ́ra, ẹni tó kéré á tẹ̀ ba, á fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ẹni tó jù ú lọ, ìyẹn á sì súre fún un.

Malhar gbé àpò ewé kan wá láti Pune. Ìyá àgbà mú ọ̀kan, ó gbé e sójú oòrùn.

"Ọmọ mi, níbo lo ti rí eléyìí?"

"Ọjà ni mo ti rà á, Ìyá."

"Wọ́n ti lù ọ́ ní jìbìtì! Ewé kanchan nìyí. Ó jọ apta ni, kì í ṣe òun. Tóbi tó tóbi yìí náà ò sọ fún ọ? Wúrà ewúrẹ́ lo rà wá!"

Ẹ̀rín sọ. Malhar náà rẹ́rìn-ín, ó ń họ ẹ̀yìn ọrùn.

"Ẹ gbà á bẹ́ẹ̀, Ìyá. Mi ò ní lè tún un ṣe lọ́dún tó ń bọ̀. Odi kan wà lápá àríwá, ibẹ̀ ni n ó ti máa ṣiṣẹ́ láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Èmi ni mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gbé mi lọ síbẹ̀."

Ó pín ewé náà yí ká. Mukta ló fún gbẹ̀yìn, kò sì wo ojú rẹ̀.

"Gba wúrà, kí o sì dà bí wúrà."

Ketaki ń retí kí Mukta la ẹnu. Ó mọ̀ pé yóò sọ ọ́: kì í ṣe apta, wo iṣan rẹ̀, jẹ́ kí n mú ọ lọ sídìí igi náà gan-an. Ṣebí Mukta náà ló mú olùkọ́ àgbà ka ìkùdu nínú oòrùn. Ṣùgbọ́n ọwọ́ méjèèjì ni Mukta fi gba ewé ayédèrú náà. Ó wò ó. Ó gbé e lé àyà, kò jiyàn.

Ketaki fa agolo ìyẹ̀fun sún mọ́ ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Malhar gbé àpò rẹ̀ kọ́ èjìká, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀. Ọkọ̀ àwọn ará Pune ti ń fọn fèrè nísàlẹ̀. Mukta mú ewé apta tòótọ́ lọ́wọ́, ó wá tẹ̀ síwájú Ketaki, ó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gba wúrà."

Ketaki gbà á. Ojú rẹ̀ ń lọ sí ọ̀nà tí Malhar gbà.

"Súre fún un," Ìyá àgbà wí. "Sọ pé kí ohun tí ọkàn rẹ̀ ń fẹ́ tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Àbí èmi ni n ó máa kọ́ ọ?"

Ohun tí ọkàn rẹ̀ ń fẹ́. Mukta ṣì tẹ̀ba síbẹ̀, ó ń dúró de ìre, etí aṣọ rẹ̀ kan agolo ìyẹ̀fun. Owú ò kúrò lára Ketaki. Bó ṣe wà lọ́jọ́ kìíní náà ló ṣì wà, tútù, elééfín. Ó ti ọwọ́ bọ agolo dé ìgúnpá.

"Kí lò ń wá níbẹ̀?" Ìyá àgbà pariwo. "Ìre lò ń fi ìyẹ̀fun ṣe?"

"Dìde," Ketaki wí fún Mukta. "Malhar ò tíì dé ìsàlẹ̀. Mo purọ́ fún un. Mo purọ́ fún ẹ̀yin méjèèjì. Lọ́nà, kó o tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, bú mi dáadáa."

Ó fa lẹ́tà náà jáde, funfun bíi pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀ ọ́ lórí ọlọ, ó sì fi í lé e lọ́wọ́.