Òní Ni Oókan

Ẹ̀rọ ló túmọ̀ iṣẹ́ ọkọ mi, ó sì fọ ohùn rẹ̀ dànù. Èdè ìṣirò tí Akíntóyè kọ́ ní yunifásítì ló fi kọ ọ́ kí ó tó kú: ètò náà á ka òjò tó rọ̀, á sì sọ ọjọ́ tí odò Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ máa kún wọ oko àwọn èèyàn. Kọ̀ǹpútà kékeré tó wà létí odò kò gbọ́ èdè yẹn, la bá ní kí ẹ̀rọ sọ ọ́ di èdè C tí kọ̀ǹpútà náà gbọ́. Gbogbo orúkọ tí Akíntóyè fi pe nǹkan ló yí padà. Ibi tó kọ "bami" sí, ẹ̀rọ kọ "b_k".

Èyí tó wá burú jù, ìkìlọ̀ ètò náà ń fi ọjọ́ kan pẹ́. Omi á ti wọ oko tán kó tó pariwo. Ọ̀gá wa l'Ákùúrẹ́ ní bí ọjọ́ tó ń sọ kò bá bá ìkún omi ọdún tó kọjá mu láìpẹ́, àwọn á dà á nù, àwọn á ra ti ẹlòmíràn. Dà á nù kẹ̀! Ohun kan ṣoṣo tí ọwọ́ ọkọ mi ṣe tó ṣì ń mí. Mo jókòó tì í nílé wa n'Ísíkàn títí ojú fi ń ta mí, mo ń bú ẹ̀rọ.

Ní Sátidé, mo lọ kí ìyá ọkọ mi ní Oǹdó. Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, wọ́n bi mí pé ìgbà wo ni mo tún ń bọ̀.

"Ọjọ́ kẹjọ, Mà."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ìka tó kéré jù. "Òní, oókan. Ọ̀la, eéjì. Ọ̀túnla, ẹẹ́ta…" Wọ́n kà á délẹ̀. "Sátidé tó ń bọ̀ nìyẹn, ìyàwó mi. Màá gúnyán dè ọ́."

Bí Akíntóyè ṣe máa ń kà gẹ́lẹ́ nìyẹn, ìka kan náà. Mo dúró sójú kan lẹ́nu ọ̀nà. Òní ni oókan nínú ètò rẹ̀! Nínú èdè C, òdo ni wọ́n ń pe àpótí àkọ́kọ́ tí wọ́n ń kó nọ́ńbà sí, ẹ̀rọ sì ti yọ oókan lára ọjọ́ kọ̀ọ̀kan bó ṣe yẹ. Èmi tí mo kọ apá tó ń sọ ọjọ́ fún un ni mo pe òní ní òdo, bíi pé òní kì í ṣe ọjọ́. Ètò náà tún yọ oókan lára òdo, ó wá ń ka òjò àná bíi ti òní.

Mo tún un ṣe, ó sì bá omi ọdún tó kọjá mu wẹ́kú. Ọ̀gá ní kí n má fọwọ́ kan nǹkan kan mọ́. Mo ní mo ti gbọ́.

Ṣùgbọ́n kí n tó gbé e lọ sétí odò, mo pa "b_k" rẹ́ níbi gbogbo, mo kọ "bami" padà. Kọ̀ǹpútà kò mọ ìyàtọ̀. Èmi mọ̀ ọ́n. Ayọ̀bámi ni gbogbo ayé ń pè mí. Òun nìkan ló ń pè mí ní Bámi, ó sì ń wù mí kí n tún gbọ́ ọ.