Ọjọ́ Ọjà Tí Wọ́n Bí Màámi

Díẹ̀ ló kù kí n lé ìyá mi kúrò nílé wọn, èmi tí mo ń pe ara mi ní ọ̀mọ̀wé.

Àǹtí Péjú, ẹ̀gbọ́n mi, ló dá a sílẹ̀. Ó ní iyè Màámi ti ń rá, kí wọ́n kó ẹrù wọn ní Ìjẹmọ̀, kí wọ́n wá máa gbé lọ́dọ̀ òun l'Ékòó. Màámi fàáké kọ́rí.

"Iyè ta ló ń rá? Ọjọ́ ọjà ọrọọrún tó wà lọ́nà Kọ́bapẹ́ ni wọ́n bí mi, ìdí ìsọ̀ ni ìyá mi ti rọbí. Táyọ̀, ṣebí kọ̀ǹpútà niṣẹ́ ẹ? Bi í léèrè. Tó bá ní irọ́ ni mo pa, ẹ kó ẹrù mi."

Ọjọ́ ìbí wọn wà nínú ìwé ìrìbọmi. Láti ọjọ́ ọjà tó kọjá padà sí ọjọ́ náà, ọjọ́ 30,372 ni. Mo ṣí àwọn fọ́ńṣọ̀n tí a fi ń ṣírò nọ́ńbà gbọ̀ọ̀rọ̀gbọọrọ nínú èdè kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní C, èyí tí mo fi ń jẹun. Nọ́ńbà yìí kéré sí wọn, mo mọ̀, ṣùgbọ́n mo fẹ́ fakọ yọ lójú Àǹtí mi. Mo fi àmì ìyọkúrò síwájú rẹ̀ nítorí ẹ̀yìn là ń lọ, mo fi márùn-ún pín in, mo ní kó fún mi ní ìyókù. Tó bá jẹ́ òdo, ọjọ́ ọjà ni.

Ó gbé -2 jáde.

"Ọjọ́ wo ló ń jẹ́ 'ó dín méjì'?" Àǹtí Péjú bú sẹ́rìn-ín.

Mo yí i sí fọ́ńṣọ̀n mìíràn, mpz_mod, tí kì í mú ìyókù tó kéré sí òdo wá. Ó gbé 3 jáde. Kì í ṣe òdo síbẹ̀.

Màámi wọ yàrá lọ, mo sì gbọ́ tí wọ́n ń fa àpótí jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Àánú wọn ṣe mí. Mo tẹ̀lé wọn.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ka ọjà yẹn."

Wọ́n na ìka. "Òní lọjà, ení. Ọ̀la, èjì. Ọ̀túnla, ẹ̀ta. Ọjọ́ kejì ẹ̀, ẹ̀rin. Ọjọ́ kejì ìyẹn, àrún, ọjà tún dé."

"Ẹ ka òní mọ́ ọn!"

"Ṣé ká fò ó ni?"

Háà! Láti ọjà dé ọjà, oorun mẹ́rin péré là ń sùn. Láti kékeré ni 'ọrọọrún' yìí ti wà lẹ́nu mi, n kò sì kà á wò rí. Mo pa 5 rẹ́, mo kọ 4.

Òdo.

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Màámi ti àpótí wọn padà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Péjú," wọ́n ní, "tó o bá ń lọ, mú Táyọ̀ dání. Iyè tiẹ̀ ti ń rá."