Ọ̀rọ̀ Kan Ṣoṣo Tó Kù Lẹ́nu Bàbá Halvorsen

"Àǹtí Erlinda, ta ló so bàbá yìí lọ́wọ́?"

Perlita di aṣọ ìnura tútù mú, omi ń kán láti ara aṣọ náà sórí bàtà rẹ̀, kò tilẹ̀ mọ̀. Ọrùn ọwọ́ ọ̀tún Bàbá Halvorsen ló ń wò. Awọ ibẹ̀ ti bó, ó pọ́n, ó yí ọwọ́ náà ká bí ẹ̀gbà. Ó gbé ọwọ́ òsì wò, bákan náà ni. Ọjọ́ méjì péré ló fi lọ sí San Jose fún ìrìbọmi ọmọ ìbátan rẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ Ajé yìí ló wọlé dé, iṣẹ́ tó sì kọ́kọ́ ṣe ni kó wẹ bàbá.

Àǹtí Erlinda yọjú láti ilé ìdáná. Òun ló ni ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn àgbà yìí, ilé oníbùsùn mẹ́fà lórí òkè kan ní Vallejo, lẹ́bàá San Francisco. Ìlú Iloilo lókè òkun ni òun àti Perlita ti wá, ẹ̀kọ ìrẹsì tí wọ́n máa ń fi atalẹ̀ àti omi ẹran adìẹ sè nílé ló ń rò lọ́wọ́.

"Rọra sọ̀rọ̀," ó ní. "Okùn aṣọ ìwẹ̀ ni mo fi so ó. Kì í ṣe ṣéènì."

"Ẹ̀yin fúnra yín?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì ló já bọ́ lórí bẹ́ẹ̀dì lọ́jọ́ Sátidé. Èmi nìkan, àgbà mẹ́fà, ẹ̀yìn sì ń dùn mí bí ẹni pé wọ́n fẹ́ là á sí méjì. Tó bá kán nítan ńkọ́? Ṣé ìwọ lo máa ṣàlàyé fún ọmọ ẹ̀?"

"Òfin ní a ò gbọdọ̀ so wọ́n, Àǹtí. Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi."

"Òfin!" Àǹtí Erlinda rẹ́rìn-ín tí kò dénú. "Ṣé òfin máa ń wá bá mi gbé e dìde ni? Perlita, ìgbà tí o ṣì ń ta ẹja ní etídò ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí. Má wá kọ́ mi. Wẹ̀ ẹ́ kí oúnjẹ tó tutù."

Perlita fún omi inú aṣọ ìnura náà dànù. Obìnrin yìí ló wá pàdé rẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú San Francisco lọ́dún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, tó gbé kóòtù ara rẹ̀ wá fún un nítorí òtútù, tó fún un níṣẹ́ àti ibi tó máa sùn. Oore a máa wúwo lọ́rùn ẹni tí a ṣe é fún.

Ó padà sọ́dọ̀ bàbá. Ogójì ọdún ni Bàbá Halvorsen fi ṣe wẹ́dà níbi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi. Lẹ́yìn náà ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ú, ó gba ẹsẹ̀ kan àti ọwọ́ kan, ó sì gba gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ àfi ẹyọ kan. "Ó dáa." Ebi pa á, ó dáa. Ó tọ̀ sára, ó dáa. Inú bí i, ó dáa. Perlita ti kọ́ bí a ti ń gbọ́ ọ, nítorí ohùn tó bá fi sọ ọ́ ló ń sọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

"Bàbá, ṣé ó ń dùn yín?"

"Ó dáa," ni bàbá wí, ohùn náà sì ya láàárín.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Perlita wọ yàrá ìfọṣọ, ó tan ẹ̀rọ tó ń gbẹ aṣọ kí ariwo rẹ̀ lè bo ohùn òun, ó sì pe nọ́ńbà iléeṣẹ́ ìjọba tó ń gbèjà àwọn àgbà, èyí tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri. Wọ́n ti kọ́ wọn níbi ẹ̀kọ́ iṣẹ́ pé ẹni tó bá ń tọ́jú àgbà, tó rí irú èyí, tó dákẹ́, ó ti ṣẹ̀ sófin.

"Ẹnìkan á wá láàárín ọjọ́ mẹ́wàá," ni ẹni tó gbé fóònù sọ.

"Ọjọ́ mẹ́wàá? Egbò á ti san nígbà yẹn!"

"Ṣé ẹ̀mí wọn wà nínú ewu báyìí, mà?"

Perlita ronú. Wọ́n ti tú bàbá sílẹ̀. Ó ti jẹun. "Rárá," ó ní, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀.

Àwọn ọjọ́ tó tẹ̀ lé e ló wá nira jù. Bí ó bá fi ìpara pa ọwọ́ bàbá, ẹ̀rí á parẹ́. Bí kò bá fi pa á, bàbá á máa jẹ̀rora. Ó ti fọwọ́ sí ìwé nígbà tó gbaṣẹ́ pé òun ò ní ya fọ́tò àgbà kankan, ẹ̀rù sì bà á láti rú u. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ ló ń fi ìpara pa á, ó ń wo bí pupa náà ti ń ṣí lójoojúmọ́, bí ẹni tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ìwé ẹjọ́ rẹ́.

Ọjọ́ kẹsàn-án ni obìnrin ìjọba dé. Tafoya lorúkọ rẹ̀, ó gbé àpò tó kún fún ìwé, ojú rẹ̀ sì fi hàn pé kò sùn tó. Àǹtí Erlinda gbé kọfí àti búrẹ́dì aládùn kalẹ̀ fún un. Kò fọwọ́ kan án. Ó fa àga sún mọ́ bàbá, ó wo ọrùn ọwọ́ rẹ̀, níbi tí kò ti ju ìlà fẹ́ẹ́rẹ́ kan lọ mọ́.

"Bàbá, ṣé ẹnikẹ́ni so yín mọ́ bẹ́ẹ̀dì?"

"Ó dáa."

"Ṣé wọ́n ń ṣe yín dáadáa níbí?"

"Ó dáa." Omi bọ́ lójú ọ̀tún bàbá.

"Ojú yẹn máa ń ṣomi," ni Àǹtí Erlinda wí láti ẹnu ọ̀nà.

Ìyá Pruitt, ọ̀kan nínú àwọn àgbà ilé náà, tó wà lórí àga onítáyà lẹ́bàá fèrèsé, nàka sí bàbá. "Wọ́n so ó! Bí màlúù ni wọ́n ṣe so ó!"

Tafoya yí sí i kíá. "Ìgbà wo ni, mà? Ta ló so wọ́n?"

"Lánàá. Ààrẹ ni. Ó so ó tán, ó wá bá mi jó."

Tafoya pa bírò rẹ̀ dé.

Ní ìta, lẹ́bàá mọ́tò rẹ̀, ó sọ fún Perlita láìfepo bọyọ̀. "Bàbá ò lè sọ̀rọ̀. Ìyá yẹn ò ṣeé gbára lé. Bí ẹni tó fojú rí i ò bá fi orúkọ ara rẹ̀ sí ìwé, 'kò sí ẹ̀rí' ni mo máa kọ. Mi ò lè fipá mú yín."

"Tí mo bá kọ ọ́, ṣé wọ́n á tọ́jú bàbá?"

"Ohun tí òfin lè ṣe, a máa ṣe é."

Perlita fi orí mọ́tò ṣe tábìlì, ó kọ ọ́. Nígbà tó gbójú sókè, Àǹtí Erlinda ń wò ó láti fèrèsé ilé ìdáná, ife kọfí lọ́wọ́ rẹ̀.

"O ṣe é," ni Àǹtí Erlinda wí nígbà tí Perlita wọlé.

"Mo ṣe é, Àǹtí."

"Kóòtù mi lo sì wọ̀ ṣe é."

Kò lé Perlita. Láti ọjọ́ náà, bó bá fẹ́ rán an níṣẹ́, ògiri ló máa ń bá sọ̀rọ̀.

Ìjọba bu owó ìtanràn lé ilé náà. Wọ́n sì pe ọmọ bàbá, tó ń gbé ní Portland, tí kò tíì yà wò ó láti ọdún méjì. Ọmọ náà ní kí wọ́n gbé bàbá òun kúrò níbẹ̀ kíákíá. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ọkọ̀ funfun kan dúró níwájú ilé. Ọkùnrin méjì ti bàbá jáde lórí àga. Ọwọ́ rẹ̀ tó lókun di ẹ́púrọ́ọ̀nù Perlita mú, kò jọ̀wọ́ rẹ̀.

"Ó dáa! Ó dáa! Ó dáa!" Bàbá ń ké e bí ẹni tí iná ká mọ́lé.

"Ṣé ẹ gbọ́?" ni awakọ̀ wí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì ń tú ìka bàbá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. "Wọ́n ní ó dáa."

Perlita ń tẹ̀ lé wọn, ó ń wí pé, "Kì í ṣe ohun tí wọ́n ń sọ nìyẹn, ẹ dákun, kì í ṣe òun," títí wọ́n fi ti ilẹ̀kùn ọkọ̀.

Lọ́jọ́ kejì ó pe ọ́fíìsì ìjọba.

"Kí lẹ jẹ́ sí wọn, mà?"

"Èmi ni mo máa ń wẹ̀ wọ́n."

"Ní ti ẹbí ni mo ń bi yín."

"Mi ò bá wọn tan."

"Ẹ má bínú. A ò lè sọ ibi tí wọ́n wà fún ẹni tí kì í ṣe ẹbí. Òfin ni. Ààbò tiwọn náà ni."

"Mo gbọ́. Ẹ ṣáà bá mi sọ fún àwọn tó gbà wọ́n pé ọ̀rọ̀ kan ló kù lẹ́nu wọn. Tí wọ́n bá ní ó dáa, kì í ṣe pé ó dáa. Kí wọ́n máa wo ojú wọn."

"Màá kọ ọ́ sílẹ̀, mà."

Perlita tẹ́tí. Kò gbọ́ ìró pé ẹnikẹ́ni ń tẹ kọ̀ǹpútà. Wọ́n pa fóònù.

Ó jókòó sídìí tábìlì ilé ìdáná, ọwọ́ rẹ̀ lẹ́rán. Àǹtí Erlinda ń gé àlùbọ́sà, ó kẹ́yìn sí i. Èdè Iloilo ló fi sọ̀rọ̀.

"Mo bi awakọ̀ yẹn léèrè. Ìlú Fairfield ni wọ́n gbé e lọ. Kò dárúkọ ilé."

"Ilé àgbà mélòó ló wà ní Fairfield, Àǹtí?"

"Wọ́n pọ̀."

"Ẹ ní ìwé àdírẹ́sì wọn, àbí?"

Àǹtí Erlinda nu ọwọ́. Ó mú ìwé náà wá láti inú dúrọ́ọ̀, ó gbé e kalẹ̀ pẹ̀lú bírò àti ìdì bébà kan. "Kọ ọ́ kó ṣeé kà," ó ní. "Ọwọ́ ìkọ̀wé ẹ burú."

Perlita ṣí i, ó ka orúkọ ilé àkọ́kọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí kọ lẹ́tà: "Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú Bàbá Halvorsen, bó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ yín ni wọ́n wà..."