Ata Inú Abọ́ Tánganran

Kí Kausarat tó bọ́jú láàárọ̀, ìdí ata ló kọ́kọ́ máa ń lọ. Yóò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú abọ́ tánganran tó wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá wọn, yóò fi ìka gbé ewé kọ̀ọ̀kan sókè bí ẹni tó ń yẹ ojú ọmọ tí ibà ń ṣe wò. Àwọn ewé ìsàlẹ̀ ti pupa rúsúrúsú, àwọn ti àárín sì ti ń tẹ̀ lé wọn. Yóò dìde, yóò wọlé, yóò tún jáde wá wò wọ́n, àfi bí ẹni pé wọ́n lè ti sàn láàárín ìgbà tó wọlé lọ mú ọṣẹ.

Ẹ lè ní kí ló wà nínú ata rodo tí àgbàlagbà ò fi ní lè jókòó. Ẹ dúró ná. Ìyá Kausarat ló ni ata yìí. Ní Òde Rẹ́mọ ló ti ń gbìn ín, ata kóńkó kan tí òórùn rẹ̀ ń ti inú ìkòkò dé ojúlé kejì, èèyàn kò sì lè rí irú rẹ̀ rà lọ́jà. Nígbà tí ìyá náà kú, àwọn ọmọ yòókù pín aṣọ, wọ́n pín ìkòkò irin. Kausarat wo òkè ààrò, ó rí èso ata tí ìyá wọn pò mọ́ eérú tó sì dì sínú àkísà, ó ní ìyẹn tó òun. Nígbà tó gbé e dé Ṣómólú, ojú ń kán an, kò fi ẹyọ kan pamọ́, ó gbin gbogbo rẹ̀ pátá. Bí àwọn wọ̀nyí bá kú, ata ìyá rẹ̀ tán láyé nìyẹn.

Ayé ìgbà náà le. Àwọn ṣọ́jà tó gbàjọba ní kí oníkálùkù fún bẹ́líìtì mọ́nú, kí gbogbo ìlú sì máa tò sórí ìlà. Wọ́n ń tò fún mílíìkì, wọ́n ń tò fún ọṣẹ. Nígbà míì èèyàn á ti tò tán kó tó bi ẹni iwájú pé kí ni wọ́n ń tà. Isiaq, ọkọ Kausarat, ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó, jẹ́ akọ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba kan ní Àpápá títí wọ́n fi ka orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn tí wọ́n dá dúró. Láti ìgbà náà, kò ní ibi tó ń lọ. Síbẹ̀, yóò wẹ̀ láàárọ̀, yóò wọ ṣẹ́ẹ̀tì, yóò fi báírò sí àpò àyà, yóò sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Wọ́n ti gbé Ruqoyyah, ọmọ wọn kan ṣoṣo, lọ sọ́dọ̀ ìyá Isiaq títí nǹkan yóò fi rọ̀. Aṣọ tí Kausarat ń rán ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Pedro ni wọ́n fi ń jẹun.

Gbólóhùn kan wà tí Isiaq máa ń sọ tí Kausarat kórìíra ju ebi lọ. "Ohun tí mo bá fọwọ́ kàn lásìkò yìí, bíbàjẹ́ ló ń bà jẹ́." Ó sọ ọ́ nígbà tí rédíò kú. Ó sọ ọ́ nígbà tí sítóòfù ń jò. Bó bá ti sọ ọ́ báyìí, àyà Kausarat á já, nítorí pé kò fi ṣe àwàdà.

Ó gbé ata sí oòrùn, ó gbé e síbòji. Ó wọ́n ìgbẹ́ adìyẹ gbígbẹ sí i, ó tún ṣà á kúrò nígbà tó rò pé bóyá ó ń ta wọ́n. Ohun tó ń dun ni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni: ẹni tó wá wọn aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù á gbọ́ nípa ata kó tó gbọ́ ìgbà tí aṣọ rẹ̀ máa jáde. Nígbà tí kò rí ìdí ọ̀rọ̀ náà, ó wá ẹni tó máa di ẹ̀bi rẹ̀ rù. Sabina ló bọ́ sí i lọ́wọ́, alágbàfọ̀ tó wà ní yàrá kejì, tó ń fọ aṣọ fún àwọn nọ́ọ̀sì Igbóbì.

"Sabina, ṣé ìdí ata mi lo ti ń da omi ọṣẹ nù ni?"

"Èmi kẹ̀? Gọ́tà ni mo ń dà á sí, Ìyá Ruqoyyah."

"Omi náà ló wá ń dìde láti gọ́tà lọ bá ata, àbí?"

Sabina fún aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ títí kò fi sí omi nínú rẹ̀ mọ́. "Ọ̀rọ̀ inú yàrá yín kọ́ ni mo máa fẹnu mi sọ. Ẹ dúró nílé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ẹ máa fojú ara yín rí i."

Ìbínú kò jẹ́ kí Kausarat gbọ́ ọ̀rọ̀ náà délẹ̀. Ó pe Sabina ní oníwàhálà, ó pè é ní aláìmoore, ohùn rẹ̀ dé títì. Isiaq wà nínú yàrá, kò jáde.

Ọjọ́ tí bẹ́líìtì ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ já, Kausarat padà sílé lọ́sàn-án. Bó ṣe yọ ní kọ̀rọ̀ ilé, ó rí ọkọ rẹ̀ tó ti ṣe àlùwàlá ìrun Àílà tán. Omi kù nínú búta. Ní ilé tí wọ́n ti tọ́ Isiaq dàgbà, wọn kì í da omi àlùwàlá tó ṣẹ́kù nù lásán. Ìdí ohun ẹlẹ́mìí ni wọ́n ń dà á sí, láádá ni. Ó bẹ̀rẹ̀ nídìí ata, ó ní "Bìsìmílà", ó sì rọra tú omi náà sí i títí búta fi gbẹ. Lẹ́yìn náà ló bá ata sọ̀rọ̀.

"Ẹ dákun, ẹ yè fún un," ó ní. "Ẹ má jẹ́ kí n ba eléyìí náà jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́."

Kausarat fẹ̀yìn ti ògiri. Ìrun márùn-ún lóòjọ́, búta márùn-ún. Nígbà tí Isiaq wọlé lọ kírun, Kausarat gbé abọ́ náà, ó wúwo bí aṣọ tí wọn ò fún. Abọ́ tó ti lu ni, torí pé ó lu ló ṣe yàn án. Ó fọwọ́ pa á nísàlẹ̀, ó kan àbẹ́là tí wọ́n yọ́ dí gbogbo ihò rẹ̀. Ó wá rántí. Wolé-wolé ti jágbe mọ́ wọn nípa omi tó ń jò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, Isiaq sì ní òun á wá nǹkan ṣe sí i.

Inú bí i, àánú sì ṣe é, kò mọ èyí tó kọ́kọ́ dé. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Ṣùgbọ́n báwo ló ṣe fẹ́ sọ fún Isiaq pé èyí tó tún fọwọ́ kàn ti ń bà jẹ́? Ó yọ́ jáde lọ sí títì, ó wá ń wọ́ bàtà bọ̀, ó ń wúkọ́, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Láti ọjọ́ náà, ogun ìdákẹ́jẹ́ bẹ̀rẹ̀. Láàárọ̀, Kausarat á fi abẹ́rẹ́ ńlá tú àbẹ́là kúrò. Kó tó ti Pedro dé, Isiaq á ti dí i padà. Kausarat ní kí òun máa bomi rin ata fúnra òun. Isiaq ní kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu, òun wà nílé. Ewé ń já bọ́. Kausarat kò lè jẹun tán, kò lè rán ìlà aṣọ kan kó gún. Abọ́ tó kún tẹ́lẹ̀ wá ku ata mẹ́ta.

Lọ́jọ́ Sátidé ìmọ́tótó tí kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ jáde, ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú abẹ́rẹ́ rẹ̀, ló bá gbọ́ ohùn lẹ́yìn.

"Kausara, kí ni mo ṣe fún ẹ?"

"Ẹ̀yin kẹ̀?"

"Mo ti ń rí abẹ́rẹ́ yẹn tipẹ́. Mò ń dí i nítorí wolé-wolé, àti kí omi má baà tán lára wọn, ìwọ ń tú u. Mo wá rò ó pé bóyá o fẹ́ kí wọ́n kú ni, kó o lè rí ohun tó o máa sọ sí mi."

Kausarat yíjú sí i. "Bàbá Ruqoyyah, omi ló ń pa wọ́n. Omi àlùwàlá yín."

Isiaq yọ báírò àpò rẹ̀, ó tì í bọ inú ilẹ̀ abọ́ náà, ó fà á yọ. Ẹrẹ̀ dúdú lẹ̀ mọ́ ọn, ó ń rùn.

"Ìgbà wo lo ti mọ̀?"

"Láti ọjọ́ tí bẹ́líìtì mi já."

"O pariwo mọ́ Sabina," ó ní. "Mo wà nínú yàrá, mo gbọ́ gbogbo ẹ̀. Sabina tí kò ṣe nǹkan kan, o pariwo mọ́ ọn. Èmi tí mo ṣe é, o dákẹ́ fún mi. Ṣé mo ti wá bàjẹ́ tó bẹ́ẹ̀, tí èèyàn ò tún lè pariwo mọ́ mi?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ Kausarat lára. Ó ti rò pé òun ń fi ìdákẹ́ bo ọkọ òun láṣìírí, àṣé ìdákẹ́ náà ló ń fi sin ín láàyè. Ó dìde. Ó la ẹnu, gbogbo ohun tó ti ń gbé mì sì tú jáde: pé ata ìyá òun ni, pé ọkọ òun ò béèrè, pé ta ló ń fi àbẹ́là dí abọ́ ata, pé wolé-wolé ló bí ìyá òun ni àbí kí ló dé. Ohùn rẹ̀ ga ju ti ọjọ́ Sabina lọ. Sabina fúnra rẹ̀ yọjú lẹ́nu ilẹ̀kùn. Isiaq dúró, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ látòkè délẹ̀, èjìká rẹ̀ sì ń gbéra díẹ̀díẹ̀.

Nígbà tó parí, Isiaq gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ tú àbẹ́là náà kúrò, omi dúdú sì ń kán sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ní kí wolé-wolé máa bọ̀. Kausarat lọ bá Sabina, ó ní kó má bínú. Sabina ní òun ti gbọ́, ṣùgbọ́n Kausarat ló máa gbé omi ọṣẹ òun dé gọ́tà lónìí. Kausarat gbé e.

Lọ́sàn-án, Isiaq ṣe àlùwàlá. Omi kù nínú búta. Ó wo ata mẹ́ta náà, ewé wọn ṣì pọ́n. Ó wo ilẹ̀. Ó dúró pẹ̀lú búta lọ́wọ́ bí ẹni tí wọ́n tún ṣẹ̀ṣẹ̀ dá dúró níṣẹ́.

Kausarat bọ́ bàtà rẹ̀. Ó na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú ọkọ rẹ̀, ẹrẹ̀ gọ́tà ṣì wà lára wọn.

"Ohun ẹlẹ́mìí nìyí," ó ní. "Ẹ dà á síbí."

Isiaq bẹ̀rẹ̀. Ó ní "Bìsìmílà", ó sì rọra tú omi náà sí i lẹ́sẹ̀ títí búta fi gbẹ.